Kí ni kí n máa tẹ́ sínú àgò guinea pig tí òórùn ìtọ̀ ò fi ní máa gba yàrá?

Ọmọ_Koríko

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́sìn. Guinea pig méjì ni mo ní, àwọn ẹran ọ̀sìn kékeré tó jọ eku yẹn, abo ni àwọn méjèèjì. Àgò wọn fẹ̀ dáadáa, ike sì ni ilẹ̀ rẹ̀. Aṣọ fleece, èyí tó rọ̀ bíi bùláńkẹ́ẹ̀tì, ni mò ń tẹ́ fún wọn nítorí wọ́n ní ó dín ìnáwó kù, pé èèyàn kàn máa fọ̀ ọ́, á sì tún tẹ́ ẹ padà ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá pààrọ̀ rẹ̀ lónìí, kó tó di ọ̀túnla, òórùn ìtọ̀ á ti pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà. Èyí tó tiẹ̀ yà mí lẹ́nu ni pé ìtọ̀ náà kì í wọlẹ̀. Ojú aṣọ ló máa ń dúró sí, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ kiri, irun abẹ́ ikùn wọn á rin gbindingbindin. Ìwé ìròyìn ni mo tẹ́ sábẹ́ fleece náà, ó sì nípọn díẹ̀.

Ẹnì kan ní kí n kúkú padà sídìí pákó fífá. Ẹlòmíràn ní pákó ń ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́, ti bébà ni kí n rà. Ọ̀rọ̀ náà ti wá dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Kí lẹ̀yin ń lò, báwo lẹ sì ṣe ń tọ́jú rẹ̀?

Fọṣọ_Fọṣọ

Fleece rẹ ò tíì ṣe é tẹ́ ni.

Wò ó, òwú fleece fúnra rẹ̀ kì í mu omi. Pọliẹ́sítà ni, ike ni wọ́n fi ṣe é. Iṣẹ́ tí a fẹ́ kó ṣe ni pé kó jẹ́ kí ìtọ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá lọ sísàlẹ̀, kí ojú rẹ̀ sì gbẹ. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé, nǹkan kan wà lára rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́, omi gbígbóná ni o máa fi fọ̀ ọ́ léraléra kó tó kúrò. Bí o ṣe máa dán an wò nìyí: tẹ́ ẹ sórí aṣọ ìnura, da omi ṣíbí kan lé e. Bí omi yẹn bá ká jọ róbótó tó ń yí kiri lójú aṣọ, kò tíì tó. Bó bá rì wọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tí o fọwọ́ kan ojú aṣọ tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ó ti tó.

Ìbéèrè tèmi: ṣé o máa ń da nǹkan tí ń mú aṣọ rọ̀, èyí olóòórùn dídùn yẹn, sínú omi ìfọṣọ?

Ọmọ_Koríko

Bẹ́ẹ̀ ni mà. Mo tilẹ̀ fi kún un nítorí òórùn yìí náà ni.

Fọṣọ_Fọṣọ

Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti wá. Nǹkan yẹn máa ń fi ọ̀rá bo òwú aṣọ ni, òun ló ń jẹ́ kó rọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rá kan náà ni kì í jẹ́ kí ìtọ̀ kọjá. Bí o bá ṣe ń dà á sí i tó, bẹ́ẹ̀ ni fleece á ṣe máa ta ìtọ̀ nù tó. Fi í sílẹ̀ pátápátá. Ọṣẹ díẹ̀ tí kò ní lọ́fínńdà, omi gbígbóná, kí o wá da fínígà funfun díẹ̀ sínú omi tí o máa fi ṣàn án. Ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta, kí o tún gbé ṣíbí omi rẹ dé. Má sì da bílíìṣì pọ̀ mọ́ fínígà láéláé, afẹ́fẹ́ olóró ló máa jáde níbẹ̀. Aṣọ tí ìtọ̀ bá ti kún náà, má da bílíìṣì lé e tààrà, nítorí amóníà inú ìtọ̀, èyí tó ń ta imú yẹn, àti bílíìṣì kì í bá ara wọn gbé.

Ìwé ìròyìn abẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Kò lágbára. Ó máa mu díẹ̀, á yó, ìtọ̀ tó kù á wá dúró sáàárín ìwé àti aṣọ, ibẹ̀ ló ti ń rà. Ohun tó nípọn tó sì jẹ́ òwú gidi ló yẹ níbẹ̀: aṣọ ìnura àtijọ́ ní ìpele méjì, tàbí àwọn páàdì fífọ̀ tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọmọdé tàbí aláìsàn tó ń tọ̀ sí ibùsùn. Òun ló ń gbé ìtọ̀ pamọ́. Fleece kàn jẹ́ ẹnu ọ̀nà ni.

Onípákó

Ẹ kú àlàyé mà, ṣùgbọ́n ẹ má fi iṣẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Gbọn irun, fọ̀ ọ́, sá a, tẹ́ ẹ, tún gbọn irun. Tí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá wá dí fún irun àti koríko, ta ló máa tún un ṣe?

Pákó fífá lèmi ń lò, mi ò sì fẹ́ gbọ́ nǹkan míì. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká yà á sọ́tọ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ń da méjì pọ̀. Iyẹ̀ pákó, èyí tí ayùn ń dà sílẹ̀, kì í ṣe fún wọn rárá. Ó kúná jù, ó ń fò wọ ojú, ó ń wọ imú, ẹran á máa sín ṣáá. Èyí tí mò ń sọ ni pákó tí wọ́n fá tó fẹ̀, tó ká, tí wọ́n sì ti gbọn eruku rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó dì í sápò. Ẹ fi ọwọ́ bu ú, ẹ jù ú sókè díẹ̀ lójú fèrèsé: bí ẹ bá rí eruku tó ń fò nínú ìmọ́lẹ̀, ẹ má tẹ́ ẹ.

Irú igi náà ṣe pàtàkì. Kédárì, ẹ sá fún un. Òórùn rẹ̀ tó ń wu èèyàn yẹn gan-an ni ewu ibẹ̀. Páìnì dáa bí wọ́n bá ti fi ooru gbẹ ẹ́ nínú ààrò, torí ooru yẹn ló ń lé púpọ̀ lára oje olóòórùn rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ṣí àpò tí òórùn páìnì kọlù yín nímú, kò gbẹ tó, ẹ dá a padà. Igi aspen ló fi mí lọ́kàn balẹ̀ jù, kò ní irú oje bẹ́ẹ̀. Mo máa ń tẹ́ ẹ kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8. Àwọn tó ń bù ú tín-ín-rín nítorí àtiṣọ́wó ná ni wọ́n máa ń padà wá sọ pé pákó ń rùn.

Àlejò_Àgò

Onípákó ti bínú, ẹ má dá a lóhùn o 😂

Ìbéèrè tèmi kékeré ni. Yanrìn ológbò ńkọ́? Àti èyí tí wọ́n fi kùùkù àgbàdo ṣe? Àti pòròpórò gbígbẹ?

Fọṣọ_Fọṣọ

Rárá sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Yanrìn ológbò tó máa ń dì pọ̀ tí omi bá kàn án, bí wọ́n bá jẹ ẹ́ inú ìfun ló ti máa dì. Kùùkù àgbàdo máa ń hu ewú kíákíá tó bá rin, àwọn míì sì ń jẹ ẹ́. Pòròpórò kì í mu omi, ó sì le, ó lè gún wọn lójú.

Tọ́jú_Ẹran

Ẹ kú ìjókòó. Èmi kì í ṣe dókítà ẹran o, mo kàn ń bá wọn ṣiṣẹ́, àwọn ẹran kéékèèké ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń dì mú lórí tábìlì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ tí Ọmọ_Koríko gbọ́ kì í ṣe àròsọ, àmọ́ ẹnu ti gbé e kọjá bó ṣe rí. Ní 1967, Elliot Vesell, onímọ̀ nípa oògùn, tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn eku tí wọ́n tẹ́ pákó kédárì àti páìnì fún. Ẹ̀dọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè púpọ̀ sí i lára àwọn èròjà tó ń tú oògùn palẹ̀ nínú ara, débi pé oògùn oorun tí wọ́n fún wọn kì í pẹ́ tó fi ń tán lójú wọn. Ìyẹn ni pé oje igi náà ń wọ ara, ó sì ń fún ẹ̀dọ̀ níṣẹ́ ṣe. Kò túmọ̀ sí pé ẹ̀dọ̀ ti jẹrà. Ìdí nìyí tí a fi máa ń bi olówó ẹran léèrè ohun tó ń tẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó fún ẹran ní oògùn oorun fún iṣẹ́ abẹ. Páìnì tí wọ́n fi ooru gbẹ dáadáa yàtọ̀ sí tútù, Onípákó sọ òótọ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, èyí tí mò ń rí lójoojúmọ́ kọ́ ni ẹ̀dọ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ àti èémí ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí èémí. Ìtọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìdọ̀tí ló ń sọ yúríà inú rẹ̀ di amóníà, wọ́n sì nílò ọ̀rinrin àti àkókò láti fi ṣe é. Torí náà, ibi tó rin tó sì pẹ́ ni amóníà ti ń jáde. Imú tìrẹ wà lókè níbi tó o dúró sí, tiwọn wà ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí orísun rẹ̀ gan-an, tọ̀sán-tòru. Bó o bá ti ń gbọ́ òórùn náà láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti ń fà á símú tipẹ́. Ó máa ń ta awọ inú imú àti ọ̀nà ọ̀fun, kòkòrò bíi Bordetella bronchiseptica tàbí Streptococcus pneumoniae á wá ráyè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Guinea pig kì í pẹ́ ṣubú tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bá ti wú. Bẹ̀rẹ̀ kí o gbé imú dé ojú ilẹ̀ àgò ní igun tó rin jù, kí o mí síbẹ̀. Bí ojú rẹ bá ta ọ́, ó ti yẹ kí o ti pààrọ̀ rẹ̀ tipẹ́.

Àtẹ́lẹsẹ̀ wá ni èyí tó máa ń dùn mí jù, nítorí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn kò ní irun, awọ rẹ̀ tín-ín-rín. Bó bá ń wà nínú ọ̀rinrin, awọ á rọ̀, á là, kòkòrò Staphylococcus aureus á gba ibẹ̀ wọlé. Lákọ̀ọ́kọ́ wàá kàn rí i pé ó pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà á wú, á sé èépá, ẹran ò ní fẹ́ tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́. Bó bá dé egungun, ìwòsàn á gba ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà míì kì í tán. Ilẹ̀ onírin ń fà á, èékánná tó gùn ń fà á, ìsanrajù ń fà á, àìtó fítámì C náà ń dá kún un, torí ara wọn kì í ṣe é fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí tiwa náà ò ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó rin ló máa ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Ọmọ_Koríko, irun ikùn tó ń rin tó o sọ yẹn, má fojú kéré rẹ̀. Nígbà ooru, eṣinṣin máa ń yé sí irun tó tutù tó sì ń rùn, ìdin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ awọ láàárín ọjọ́ kan. Gbé wọn, yí ikùn wọn sókè, wo ibẹ̀ lónìí.

Ọmọ_Koríko

Mo ti wò ó. Kò sí ìdin, a dúpẹ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀kan pọ́n díẹ̀ ní ẹ̀yìn, kò wú. Ó ń rìn dáadáa.

Tọ́jú_Ẹran

Jẹ́ kí dókítà rí i, má dúró dìgbà tó bá wú. Má fi oògùn kankan pa á nílé. Kí o tó lọ, ya fọ́tò rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó dáa, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń pọ̀ sí i tàbí ó ń dín kù.

Ìyá_Ẹlẹ́ran

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ka gbogbo rẹ̀ tán, ẹ gbìyànjú. Ṣùgbọ́n gbogbo yín ń jà lórí ohun tí à ń tẹ́, ẹnikẹ́ni ò béèrè ibi tí wọ́n ń tọ̀ sí.

Guinea pig kì í tọ̀ káàkiri bákan náà. Ìgbẹ́ wọn ni kò ní àyè kan pàtó, wọ́n lè ya ju ọgọ́rùn-ún kóró lọ́jọ́ kan síbi tí ẹsẹ̀ bá gbé wọn dé. Ìtọ̀ ní ibi tó ń gbà. Ibi tí wọ́n ti ń jẹ koríko gbígbẹ, àti inú ilé kékeré tí wọ́n ń sá pamọ́ sí, níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń lọ. Wọ́n máa ń jẹun, kí wọ́n tọ̀, kí wọ́n tún jẹun lójú kan náà. Ẹ gbé fleece kan tó ti pẹ́ nílẹ̀ sókè, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ pa dà: ẹ máa rí i pé igun méjì tàbí mẹ́ta ló ti pọ́n, ibi tó kù mọ́ tónítóní. Igun wọ̀nyẹn ni àgò yín. Ibi tó kù kò nílò ìyọnu tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mò ń ṣe nìyí. Mo máa ń gbé àwo ike tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ga sábẹ́ ibi koríko wọn, kó fẹ̀ tó kí àwọn méjèèjì lè dúró nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì igi ni mò ń dà sísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn kóró igi tí wọ́n ki pọ̀ yẹn. Tí ìtọ̀ bá kan pẹ́lẹ́ẹ̀tì, ó máa ń wú, á tú di iyẹ̀, ìtọ̀ á sì dúró sínú rẹ̀. Àmọ́ ó le fún àtẹ́lẹsẹ̀, nítorí náà mo máa ń da bébà rírún bò ó kó nípọn, tàbí pákó fífá, kí ẹsẹ̀ wọn má kàn án. Ẹ rí i dájú pé igi lásán ni pẹ́lẹ́ẹ̀tì náà. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe fún ìdáná, tí wọ́n ti da ohun tó ń mú iná ràn sí, ìyẹn ò wúlò fún wa.

Àràárọ̀ ni mò ń da àwo náà nù, kò gbà mí lásìkò. Ilẹ̀ àgò yòókù, fleece lèmi náà tẹ́ síbẹ̀, mò ń gbá ìgbẹ́ kúrò lárọ̀ọ́ àti lálẹ́, òun sì lè tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó fọ̀ ọ́. Ká ní mo gbé àwo yẹn kúrò ni, fleece kan náà kò ní lò ju ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ.

Inú ilé tí wọ́n ń sá sí ńkọ́? Páàdì kékeré kan, ìwọ̀n ilé náà gẹ́lẹ́, ni mò ń tẹ́ síbẹ̀ lórí fleece ńlá. Bó bá rin, òun nìkan ni màá yọ. Mo ní wọn nílẹ̀ bíi mélòó kan tí mò ń fi rọ́pò ara wọn.

Onípákó

Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ pẹ́lẹ́ẹ̀tì igi, ṣé kì í ṣe pákó ni? Ẹ ti wá sọ́dọ̀ wa láìmọ̀.

Ìyá_Ẹlẹ́ran

Ìwọ ọmọ yìí, inú àwo nìkan ni mo gbà fún ọ 😄

Àlejò_Àgò

Àwọn páàdì ajá tí a ń lò jùnù ńkọ́ mà? Ó ń mu omi gan-an ju aṣọ ìnura lọ. Kí wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ fleece, ó parí.

Fọṣọ_Fọṣọ

Ó ń mu omi lóòótọ́. Àmọ́ ike ni ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn hóró tó ń di jẹ́lì ló sì wà láàárín. Guinea pig tó bá ti rí etí fleece tó ká sókè máa wọ abẹ́ rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e jẹ. Bó bá gbé ike àti jẹ́lì mì, ìfun lè dí. Àwọn tó ń lò ó láìsí wàhálà ni àwọn tó ti fi nǹkan há gbogbo etí fleece mọ́lẹ̀ pinpin, tí ẹran wọn kì í sì í walẹ̀. Èmi ò lè fi ẹran mi dán an wò.

Tọ́jú_Ẹran

Mo fọwọ́ sí i.

Onípákó

Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ bébà o. Bébà tí wọ́n rún tí wọ́n sọ di fúlẹ́fúlẹ́ dára, mi ò lè purọ́. Ó ń mu ìtọ̀ ju pákó lọ, ó rọ̀ fún ẹsẹ̀, kò lóje. Owó rẹ̀ ni mi ò lè bá ṣe nínú àgò ńlá. Bébà ló yẹ fún ẹran tí ẹsẹ̀ ń dùn tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, kí pákó má lọ lẹ̀ mọ́ ojú egbò. Ṣùgbọ́n ó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ tó bá rin, ojú òkè lè gbẹ kí abẹ́ ti di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Ẹ máa ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ má kàn wo òkè.

Nǹkan méjì kan tún wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pẹ̀lú pákó tàbí bébà. Ẹ yọ ibi tó rin lójoojúmọ́, kí ẹ da tuntun síbẹ̀. Kí ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ dà nù lọ́sẹ̀ kan-án kan, kí ẹ nu ilẹ̀ ike. Dída tuntun lé àtijọ́ lórí kì í ṣe ìtọ́jú, ìbòmọ́lẹ̀ ni.

Ọmọ_Koríko

Ẹ ṣé gan-an. Mo fẹ́ jábọ̀.

Mo fọ fleece náà bí mà Fọṣọ_Fọṣọ ṣe wí, láìsí olóòórùn dídùn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ da ṣíbí omi sí i, ó ṣì ń yí kiri lójú rẹ̀. Lẹ́yìn tí mo tún un fọ̀, ó rì wọlẹ̀ wàì. Aṣọ ìnura oníwúwo méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀ báyìí. Mo gbé àwo sábẹ́ koríko wọn, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n ń wò ó ṣùn-ùn, nígbà tó yá ọ̀kan lọ jókòó sínú rẹ̀ kò jáde mọ́. Òórùn ti dín kù gidi gan-an. Dókítà sì ti wo ẹsẹ̀ náà, ó ní awọ kò tíì là, kí ilẹ̀ ṣáà máa gbẹ, ó sì bá mi gé èékánná wọn.

Ìbéèrè méjì ló kù. Irun! Gbogbo fleece ló kún fún irun àti èérún koríko, ẹ̀rọ ìfọṣọ mi ti ń kùn. Èkejì, nǹkan funfun kan wà ní igun àgò, ó ti gan mọ́ ike, bíi ṣọ́ọ̀kì. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò gbọ́.

Fọṣọ_Fọṣọ

Má gbé e tààrà sínú ẹ̀rọ. Gbọ̀n ọ́n níta, tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí o wá wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí a fi ń fọ abọ́, rin ín díẹ̀, kí o máa fi fa ojú aṣọ lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Irun á máa ká jọ di okùn gígùn níwájú ọwọ́ rẹ, wàá kàn máa ṣà á ni. Má fà á síwá-sẹ́yìn, ńṣe lo tún máa tì í wọlé. Lẹ́yìn náà, kó aṣọ sínú àpò ìfọṣọ tó ní síìpù, kó tó wọ ẹ̀rọ. Kí o sì máa ṣí àsẹ́ ẹ̀rọ náà wò, ibẹ̀ ni èyí tó bá bọ́ ń lọ. Kó gbẹ dénú kí o tó tẹ́ ẹ padà. Aṣọ ìnura tó nípọn lè gbẹ lójú kó ṣì tutù láàárín.

Tọ́jú_Ẹran

Nǹkan funfun yẹn kálísíọ̀mù ni. Ìtọ̀ guinea pig kì í ṣe kíkan bíi ti àwọn ẹran ajẹran, kálísíọ̀mù tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn sì máa ń gba inú ìtọ̀ jáde. Bó bá gbẹ, á gan. Ọṣẹ kò lè mú un, fínígà funfun ló ń tú u. Da fínígà àti omi ní ìwọ̀n kan náà sórí rẹ̀, fi í sílẹ̀ díẹ̀, wàá rí i tó ń hó, kí o wá fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ṣàn án, jẹ́ kó gbẹ. Kí àwọn ẹran má sí nínú àgò nígbà náà.

Àbàwọ́n funfun díẹ̀ kò burú. Èyí tó yẹ kó já ọ láyà ni bó bá ń pọ̀ sí i lójijì, tàbí tó ń ki mọ́ ọ lọ́wọ́ bíi yanrìn nígbà tó o bá fọwọ́ rún un, tàbí tí ẹran ń ké tó bá ń tọ̀. Òkúta inú àpòòtọ̀ lè wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn fleece tó funfun tàbí tó mọ́ láwọ̀, bó tiẹ̀ tètè ń dọ̀tí lójú. Lórí aṣọ aláwọ̀ dúdú tó ní òdòdó, o ò ní rí kíkán ẹ̀jẹ̀ kan.

Ọmọ_Koríko

Tiwa dúdú, ó sì ní òdòdó 😩 Màá wá òmíràn.

Àlejò_Àgò

Ẹ jọ̀ọ́, akọ méjì ni tèmi, pákó fífá ni mò ń lò. Mo kà á níbì kan pé pákó máa ń há sí ojú ara akọ. Ṣé òótọ́ ni?

Onípákó

Òótọ́ ni. Mi ò fẹ́ràn láti sọ ọ́, àmọ́ òótọ́ ni. Ẹyọ pákó tàbí koríko lè wọ inú awọ tó bo okó wọn, kó há síbẹ̀. Akọ tó ti dàgbà tún máa ń kó ìgbẹ́ àti pákó jọ sínú àpò ẹ̀gbẹ́ ihò ìdí rẹ̀. Mo máa ń yẹ tèmi wò nígbàkúùgbà tí mo bá ń wọ̀n wọ́n. Fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti òwú rírọ̀ rin ibẹ̀, kí ohun tó há fúnra rẹ̀ bọ́. Má fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó yọ ọ́. Bó bá ti wú, tàbí tí ẹran kò lè tọ̀, dókítà lọ́jọ́ náà.

Àlejò_Àgò

Ẹ ṣé sà. Ọ̀kan tó kù: tí mo bá ti kó gbogbo pákó dà nù tí mo fọ àgò, lálẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í lé ara wọn, tí wọ́n á máa gbọ̀n ìdí, tí wọ́n á máa kùn. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, wọ́n á máa gbé bí ọmọ ìyá.

Ìyá_Ẹlẹ́ran

Òórùn ara wọn lo kó dà nù, ọmọ mi. Akọ máa ń fi ìdí pa ilẹ̀ kí ó lè mọ̀ pé ibẹ̀ jẹ́ tiẹ̀. Bó o bá fọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àgò àjèjì ló di, wọ́n á tún ìjà ẹni tó ni ín bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Bu ẹ̀kúnwọ́ kan tàbí méjì lára pákó tó gbẹ, tí kò ní ìtọ̀, kí o tọ́jú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o wá pò ó mọ́ tuntun. Má sì fọ ilé tí wọ́n ń sá sí àti ilẹ̀ àgò lọ́jọ́ kan náà. Fọ ọ̀kan lónìí, fọ èkejì lọ́jọ́ míì. Kí ilé náà sì jẹ́ méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà méjì, kí ẹnikẹ́ni má lè ká ẹnìkejì mọ́ inú.

Àlejò_Àgò

Ilé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹnu ọ̀nà kan ló sì ní. Màá gé òmíràn sí i lálẹ́ yìí, màá sì yẹ ìdí àwọn méjèèjì wò, bí wọ́n bá gbà fún mi.